Kòńgẹ́ Inú Aṣálẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọkọ̀-Ilé àti Iṣẹ́ Àfipawọ́ Kan Rí Ohun Tí Ẹ Kò Wá

Ní ọdún 1932, awakọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ George Palmer ń fò kọjá lórí aṣálẹ̀ ẹ̀bá odò Colorado, nítòsí ìlú Blythe ní California. Kì í ṣe pé ó ń wá nǹkan kan. Ó kàn bojú wolẹ̀ ni, ló bá rí òmìrán èèyàn kan tó nà gbalaja sílẹ̀, tó ya apá méjèèjì. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ náà ló ha òkúta dúdú orí ilẹ̀ kúrò kí erùpẹ̀ tó mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ lè yọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ya èèyàn àti ẹranko sílẹ̀ gbalasa. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 171, ìyẹn nǹkan bíi mítà 52. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ lásán ló máa pè é.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀-ilé, tàbí tó fẹ́ yá ọ̀kan, tó sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà: Arizona, apá ìlà-oòrùn California, àti díẹ̀ lára New Mexico. Ọkọ̀-ilé ni mo ń pe mọ́tò tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní RV. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wà á. Bí ẹ ṣe máa to ìrìn-àjò náà tí àyè á fi wà fún kòńgẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ná owó epo gọbọi, tí wọ́n á la aṣálẹ̀ já láàárín ọjọ́ méjì, tí wọ́n á wá padà dé wí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju òkúta àti iyanrìn lọ. Wọn ò parọ́. Láti ojú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré, ohun tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn.

1. Ẹ lọ nígbà òtútù, ẹ sì fìdí kalẹ̀ síbì kan

Ìgbà ooru ibẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní Furnace Creek, nínú Death Valley ní California, ooru gòkè dé 56.7°C ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1913, òun sì ni àkọsílẹ̀ ooru tó ga jù lọ láyé títí di òní. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni kí ẹ fi ìrìn-àjò yín sí. Ọ̀sán á lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 20°C ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lóru, ẹ ó wá bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀ ìjọba ló pọ̀ jù nínú aṣálẹ̀ yìí. Bureau of Land Management, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BLM, ló ń bójú tó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn, ẹ lè dúró lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 14 láàárín ọjọ́ 28. Tó bá ti pé, ẹ ó kó ẹrù yín kúrò; ní Arizona, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà ju máìlì 25 lọ sí ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, La Posa ni kí ẹ forí lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Quartzsite. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí BLM yà sọ́tọ̀ fún àlejò tó fẹ́ pẹ́. Sáà wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ó ń parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, $180 ni wọ́n ń gbà fún ìwé àṣẹ gbogbo sáà, $40 fún ti ọjọ́ 14. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ báyìí kí ẹ tó gbéra. Ẹ ó rí omi fà níbẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ ó ti da ẹ̀gbin inú táǹkì nù.

Ìlú kékeré ni Quartzsite, ní oríta tí ọ̀nà I-10 àti US 95 ti pàdé. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, ọkọ̀-ilé á bo ilẹ̀, ọjà òkúta á sì gbalẹ̀ kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ rìn nínú ọjà náà, kì í ṣe torí rírà, bí kò ṣe kí ojú yín lè mọ ohun tó ń wá. Ẹ gbé òkúta sọ́wọ́, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti ṣà á. Àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ níbẹ̀, ìtàn sì dùn mọ́ wọn lẹ́nu ju ọjà lọ. Wákàtí kan lọ́dọ̀ wọn á ṣe yín láǹfààní ju ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá dá rìn kiri.

2. Omi, ọ̀nà, àti ẹrù

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Lítà omi mẹ́rin ni ti ẹnì kan lójúmọ́, mímu nìkan nìyẹn. Fóònù kì í gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ ti gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílùú, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan ibi tí ẹ forí lé àti ìgbà tí ẹ ó dé. Tí ọ̀nà bá di oníyanrìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lákọ̀ọ́kọ́. Iyanrìn tó bá gbé bàtà yín mì á gbé táyà yín mì. Ẹ má sì páàkì sí ojú odò gbígbẹ láéláé, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Òjò lè rọ̀ lórí òkè tó jìnnà réré, tí ọ̀run tó wà lórí yín ò sì ní ṣú rárá, títí àgbàrá á fi ya dé.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀-ilé kì í sábà sọ: òkúta wúwo! Korobá lítà 20 tí ẹ bá rọ òkúta kún á ju kílò 30 lọ dáadáa. Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ yín lè gbé wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kà á. Ẹ rántí pé lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó bá kún táǹkì dẹ́nu, tó tún kó korobá òkúta mẹ́fà sẹ́yìn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe wàhálà táyà.

3. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo

Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: awò ìràwọ̀, ẹ̀rọ ìwárin tó ń wá irin abẹ́ ilẹ̀, kẹ̀kẹ́, ìwé ẹyẹ, ọ̀dà ìyàwòrán. Ọ̀sẹ̀ méjì á parí, kò sí èyí tó fọwọ́ bà tán. Ẹ mú ọ̀kan. Ohun tí iṣẹ́ àfipawọ́ wúlò fún nínú aṣálẹ̀ ni pé ó ń fún yín ní ìdí láti tẹríba, láti dúró, láti rìn jẹ́jẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ń wá èyí ni ìyẹn máa yọjú.

Tí ẹ bá bi mí, ṣíṣa òkúta ló borí. Owó kékeré ló ń gbà, ọmọdé lè ṣe é, àgbà lè ṣe é. Yíyàwòrán náà dára, àmọ́ ọ̀dà olómi á gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó parí igun kan tí oòrùn bá ti mú. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú dání, tàbí kí ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wíwo ẹyẹ rọrùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, nítorí tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ sídìí igi, àparò ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gambel's quail á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú yín láìbìkítà. Ẹ̀rọ ìwárin ni kò wù mí. Ìdérí ìgò àti èèpo ọta ìbọn ló máa ń bá wọn rí jù, ohun àtijọ́ tó bá sì níye lórí nínú rẹ̀, òfin kì í jẹ́ kí wọ́n mú un lọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òkúta ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ibí lọ.

4. Bí a ṣe ń ṣa òkúta

Ẹ mú ike omi tó ń fọ́n, ọ̀bẹ kékeré, fínígà díẹ̀ nínú ìgò, àti àpò aṣọ tó nípọn. Òòlù kò pọndandan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí èyí tó rẹwà jù wà lórí ilẹ̀ gbangba. Tí ọwọ́ bá ń yún yín láti fọ́ nǹkan ṣá, ẹ ra òòlù tí wọ́n ṣe fún òkúta, kì í ṣe ti káfíńtà, ẹ sì fi gíláàsì ìdáàbòbò bojú. Èérún òkúta mú bí àfọ́kù ìgò.

Ẹ jáde ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ń rẹlẹ̀, kí ẹ kọjú sí oòrùn náà bí ẹ ti ń rìn. Ìdí ni pé òkúta bíi agate àti chalcedony máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Tí oòrùn bá wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á tàn yẹ́ríyẹ́rí láàárín àwọn òkúta lásán, bí ẹyin iná kékeré. Ẹni tó kẹ̀yìn sí oòrùn á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kejì òjò tún dára ju gbogbo ọjọ́ lọ, torí eruku ti ṣí kúrò lójú wọn.

Níbo ni ká wá? Ẹ̀sẹ̀ òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ da síbẹ̀ láyé àtijọ́, àti ojú odò gbígbẹ tó ti ibẹ̀ ṣàn wá. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò. Tí ẹ bá rí ègé dáadáa kan nínú ojú odò gbígbẹ, ẹ má ṣe tú gbogbo ibẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ojú odò náà lọ sókè, ẹ máa wo etí àwọn ègé tí ẹ ń rí. Èyí tí omi ti gbé láti ọ̀nà jíjìn á rí róbótó, ara rẹ̀ á dán. Bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ orísun rẹ̀ ni wọ́n á máa tóbi sí i, tí igun wọn á máa mú sí i. Níbi tí ẹ ò bá ti rí òmíràn mọ́, ẹ ti kọjá orísun nìyẹn. Ẹ yí padà, kí ẹ wo ògiri òkè lọ́tùn-ún lósì.

Tí òkúta kan bá wù yín, ẹ fọ́n omi sí i kí ẹ tó pinnu. Àwọ̀ tó máa ní tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán ni omi máa fi hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Nínú òṣùwọ̀n líle Mohs, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, irin ọ̀bẹ wà ní nǹkan bíi 5.5, quartz àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi agate àti jasper sì wà ní 7 tàbí kó dín díẹ̀. Nítorí náà ọ̀bẹ ò ní lè ha wọ́n. Yóò kàn fi ìlà irin sílẹ̀ lára wọn ni. Tí ọ̀bẹ bá wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ẹ ha ìyẹ̀fun díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ kán fínígà sí i. Tó bá hó, calcite lẹ mú lọ́wọ́. Ó lè rẹwà, ṣùgbọ́n 3 péré ni líle rẹ̀, kò ní dán tí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ agate.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Rockhound State Park nítòsí Deming ní New Mexico ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, torí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ọgbà ìjọba gba èèyàn láyè láti kó nǹkan. Níbẹ̀, pọ́ùn 15 ni wọ́n fàyè gba ẹnì kan láti gbé lọ. Ní Arizona, agbègbè Black Hills nítòsí Safford ní fire agate, òkúta aláwọ̀ igi tí iná pupa àti ewé fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe sùúrù o: láti ìta, bí òkúta lásán ló rí, iná náà kì í yọ àfi tí wọ́n bá fi sùúrù lọ awọ rẹ̀ kúrò.

Ẹ lè ṣe kòńgẹ́ òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run náà. Ó máa ń dúdú, ó máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, awọ tín-ín-rín tó jóná sì máa ń bò ó. Òòfà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n òòfà ń fa ọ̀pọ̀ òkúta dúdú ayé yìí náà, ẹ má tètè jó. Òòfà kékeré tí kò lágbára ni kí ẹ so mọ́ okùn, kí ẹ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òòfà ńlá máa ń ba àkọsílẹ̀ agbára òòfà tó wà nínú òkúta náà jẹ́ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

5. Kí ẹ tó jù ú sápò

Ẹ wádìí ilẹ̀ tí ẹ wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, ibi tí àlejò sì máa ń ti kọsẹ̀ jù nìyẹn. Ọgbà orílẹ̀-èdè bíi Death Valley tàbí Joshua Tree: ẹ ò gbọdọ̀ mú òkúta kankan, kódà òkúta wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àkọ́kọ́: àfi kí wọ́n fún yín láṣẹ. Ibi tí ẹnì kan ti fi ìwé gba ẹ̀tọ́ ìwakùsà: ti ẹni ẹlẹ́ni ni, ẹ wo òpó funfun tàbí òkìtì òkúta tí wọ́n fi sààmì. Lórí ilẹ̀ BLM tí wọn ò tì, ẹ lè kó ìwọ̀nba fún ìlò ara yín, kì í ṣe fún títà.

Igi tó ti di òkúta ní òfin tirẹ̀: pọ́ùn 25 àti ègé kan lé e lójúmọ́, kó má ju pọ́ùn 250 lọ lọ́dún. Òkúta ojú ọ̀run: pọ́ùn 10 lọ́dún, èyí tó wà lórí ilẹ̀ nìkan. Egungun ẹranko ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, ẹ má fọwọ́ kàn án. Orí ọfà, àfọ́kù ìkòkò, tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ èèyàn ṣe tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin ọdún 1979 kan ló ń dáàbò bò ó. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, ẹ kọ ojú ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà. Àwárí yín ló ṣì jẹ́ bí kò tilẹ̀ sí nínú àpò yín.

Ní Petrified Forest National Park, Arizona, òkìtì òkúta kan wà tí àwọn èèyàn jí gbé, tí ọkàn wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n sùn, tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ padà pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ò lè dá wọn padà sínú ọgbà, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ṣí wọn kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di òkìtì, kò sílé, kò sóko.

6. Ẹ má tètè sùn

Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì UV kékeré kan, ìyẹn èyí tó ń tan irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Àkekèé máa ń tàn bí aró àti ewé pọ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ fi yẹ ẹsẹ̀ àkàsọ̀ ọkọ̀ yín wò lálaalẹ́ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì yẹ inú bàtà tí ẹ fi síta. Ìlò àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì ni pé òkúta tí ẹ ṣà lọ́sàn-án lè ní ojú mìíràn lóru. Chalcedony tí ẹ rò pé ó funfun lásán lè tàn bí ewé títọ́, torí uranium tíntìntín tó wà nínú rẹ̀. Calcite lè pọ́n bí osùn. Ẹ to gbogbo ohun tí ẹ kó sórí tábìlì, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ tan UV sí wọn. Mi ò tíì rí ọmọdé tó wo eléyìí tí kò pariwo. Ẹ má ṣáà tan iná náà sójú ara yín.

Fún ìràwọ̀, òṣùpá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó mú ọjọ́. Àárín ọ̀sẹ̀ tí kò sí òṣùpá ló dára. Ojú nílò nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹnì kan bá sì tan fóònù, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iná pupa ni kí ẹ máa lò. Borrego Springs ní California gba orúkọ ìlú tó ń dáàbò bo òkùnkùn òru ní ọdún 2009, Death Valley gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ní ọdún 2013, ẹ ò ní ṣìnà tí ẹ bá lọ sí èyíkéyìí. Tí ẹ bá wà níbẹ̀ ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, ẹ kọjú síwọ̀-oòrùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán. Ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ rírá kan tó nàró bí ṣóńṣó láti ìsàlẹ̀ ọ̀run. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iná ìlú ni. Kì í ṣe iná ìlú: eruku tó ń fò kiri láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ni oòrùn ń tàn sí lára.

7. Ẹ fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo

Nínú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ya ìdajì ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ ò ní kọ nǹkankan sí. Ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò lánàá ni kí ẹ fi ọjọ́ yẹn ṣe, tàbí pátákó tí ẹ ti kọjá nígbà mẹ́ta láìyà síbẹ̀.

Ibi ìsìnkú Quartzsite, fún àpẹẹrẹ. Ilé òkúta onígun ṣóńṣó kan wà níbẹ̀, ère ràkúnmí lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Hadji Ali, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di Hi Jolly nítorí pé orúkọ rẹ̀ ò bá ahọ́n wọn mu. Ní ọdún 1856 ló ti òkè òkun dé pẹ̀lú àwọn ràkúnmí tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fẹ́ fi gbé ẹrù la aṣálẹ̀. Wọ́n pa ètò ràkúnmí náà tì, òun ò padà sílé mọ́. Ó kú síbẹ̀ ní ọdún 1902, wọ́n sì kọ́ ilé ìrántí náà ní ọdún 1935. Nínú àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà I-10 lójoojúmọ́, mélòó ló mọ̀ pé adaràkúnmí kan wà nítòsí?

Ní Borrego Springs, ẹ ó máa wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ẹ ó sì ṣàdédé rí ejò irin ńlá kan tí orí rẹ̀ wà lápá kan títì, tí ìrù rẹ̀ wà lápá kejì, bí ẹni pé ó gba abẹ́ títì kọjá. Ricardo Breceda ló rọ ọ́, pẹ̀lú èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún mìíràn tó fọ́n káàkiri pápá. Àwọn àwòrán ilẹ̀ tí Palmer rí sì wà ní nǹkan bíi máìlì 15 sí àríwá Blythe lójú ọ̀nà US 95. Wọ́n ti fi ọgbà irin yí wọn ká.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ti gbé àwọ̀n sílẹ̀ ni ẹja ń wá bá. Ní Racetrack Playa, nínú Death Valley, òkúta ńláńlá máa ń rìn lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ipa wọn sílẹ̀ lẹ́yìn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sẹ́ni tó rí wọn bí wọ́n ti ń rìn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Richard Norris, àti ìbátan rẹ̀ James Norris gbé ẹ̀rọ GPS sínú àwọn òkúta kan síbẹ̀, wọ́n gbà pé ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, wọ́n lọ yẹ ẹ̀rọ wọn wò, wọ́n bá omi tín-ín-rín lórí ilẹ̀ náà tó ti dì lóru. Bí oòrùn ṣe mú, yìnyín tó fẹ́lẹ́ bíi gíláàsì fèrèsé fọ́ sí wẹ́wẹ́, atẹ́gùn tí kò lágbára ń tì í, yìnyín sì ń ti òkúta. Ojú wọn ló ṣe. Ẹ lè lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkọ̀-ilé sílẹ̀ níbi ìdúró yín. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ gùn tó máìlì 27, òkúta rẹ̀ sì ń ya táyà. Mọ́tò tó ga nílẹ̀, tó ní táyà gidi, ló lè dé ibẹ̀.

8. Lílọ òkúta nínú ọkọ̀

Ẹ̀rọ ìyí-òkúta kékeré, ike kan tó ń yí lórí mọ́tọ̀ kékeré, kì í mu iná púpọ̀. Sólà orí ọkọ̀ lè gbé e. Ìpele mẹ́rin ni, ọ̀sẹ̀ kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan: iyẹ̀pẹ̀ ìlọ̀kúta tó ki, èyí tó kúnná díẹ̀, èyí tó kúnná gan-an, lẹ́yìn náà ohun ìdán. Ẹ kó òkúta tí líle wọn dọ́gba sínú ike, kó kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò wọ́n. Kí ẹ tó bọ́ sí ìpele tó kàn, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ títí omi á fi mọ́ kedere, torí hóró kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù láti ìpele àkọ́kọ́ á ha gbogbo iṣẹ́ yín.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín: ẹ má da omi ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú síǹkì! Á dì sínú páìpù bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ dà á sínú korobá, kó tòrò, kí ẹ kó ẹrẹ̀ náà dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ariwo rẹ̀ náà ń kọ́? Inú àpótí ẹrù abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, bí ẹ bá fẹ́ kí aládùúgbò máa kí yín láàárọ̀.

9. Ẹ̀gún, eku, kòtò

Cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀, kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, tí ègé rẹ̀ máa ń já mọ́ni lára bí ẹni pé ó fò. Ẹ má fi ọwọ́ fà á, torí á kàn lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà ni. Òòyà irun ni kí ẹ ki bọ àárín ẹ̀gún àti awọ ara, kí ẹ fi ta á dànù lẹ́ẹ̀kan. Òòyà kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpò yín nígbà gbogbo.

Ihò ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì pọ̀ káàkiri. Ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó tutù tó nínú. Ibi tí ẹ ò bá lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò rattlesnake tó ń gbọn ìrù bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fẹ́ràn abẹ́ òkúta.

Eku aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní packrat máa ń wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ jẹ wáyà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lóru kó má dùn ún gbé. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn eku yìí. Tó bá ń gbé igi lọ, tó wá rí ohun dídán bíi kọ́kọ́rọ́ yín, á ju igi náà sílẹ̀, á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Pàṣípààrọ̀ ló ṣe. Ìtẹ́ rẹ̀ inú ihò òkúta, tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dì mọ́lẹ̀ bí oje igi, lè pa ewé àti èso mọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ọdún, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ti ń kà nípa irú igi tó hù nígbà tí aṣálẹ̀ kò tíì di aṣálẹ̀. Tí ẹ bá rí ìtẹ́ dúdú tó ń dán bẹ́ẹ̀ nínú ihò òkúta, ẹ má fọwọ́ tú u.

10. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ

Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣa òkúta kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òkúta tí kò ní àdírẹ́sì, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ó padà sí. Ẹ ṣa ìdọ̀tí yín, títí kan ti àwọn tó lọ ṣáájú yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí iná, pàápàá tí ẹ bá pẹ́ débi oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin. Ahun aṣálẹ̀ máa ń wá ibòòji sẹ́yìn táyà. Ẹ má gbé e. Òfin ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí pé tí ẹ̀rù bá bà á, á tọ omi tó ti ń tọ́jú pamọ́ láti oṣù mélòó kan dànù, ó sì lè má rí òmíràn mu. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé àga sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó síbi tí kò ti ní rí yín dáadáa, kí ẹ dúró títí á fi dìde lọ fúnra rẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan.